Òdòdó Ẹnu Ọ̀nà Màámi

Ẹnu mi ló kó bá mi. Tíṣà báyọ́lọ́jì ni mí ní Agbowó, tíṣà kì í sì í mọ ìgbà tó yẹ kó panu mọ́. Nígbà tí dókítà ní jẹjẹrẹ ti wọnú ẹ̀jẹ̀ màámi, tí wọ́n kọ̀ jálẹ̀ pé àwọn ò ní gba abẹ́rẹ́ kankan, mo ní, "Mọ́mì, ara irú òdòdó tí ẹ gbìn sẹ́nu ọ̀nà yìí ni wọ́n ti ń yọ oògùn yẹn." Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n na apá fún abẹ́rẹ́. Inú mi dùn, àfi bí ẹni pé èmi ni mo ṣe oògùn náà.

Ní Sátidé kejì, mo dé ilé wọn ní Bodija láàárọ̀, mo bá òdòdó náà níhòòhò, wọ́n ti já gbogbo ewé rẹ̀. Mo sáré wọlé. Ìkòkò ń hó lórí gáàsì, ife òfìfo wà lọ́wọ́ màámi.

"Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni abẹ́rẹ́ yẹn," ni wọ́n wí, "mo ní kí n fi àgbo tì í lẹ́yìn. Ṣebí ìwọ lo sọ fún mi?"

Ohun tí mi ò sọ fún wọn ni pé ewé lásán kì í ṣe oògùn. Àwọn ẹ́ńsáìmù, òṣìṣẹ́ tí ojú ò lè rí, ló ń ṣe é nínú ewé bí aṣọ ní ṣọ́ọ̀bù télọ̀: ọ̀kan á gé e, á fún èkejì, èkejì á rán an, títí yóò fi kan ẹni tó ń so apá méjì pọ̀. Nínú odindi àpò ewé, bíńtín ló ń parí. Ìyókù, àbọ̀ iṣẹ́ ni, májèlé sì wà láàárín wọn. Ta ló wọn èyí tí màámi mu?

Mo fi mọ́tò gbé wọn lọ sílé ìwòsàn. Ojú wọn ni mò ń wò ju títì lọ.

Dókítà gba ẹ̀jẹ̀ wọn. Ó ní abẹ́rẹ́ ọ̀sẹ̀ yẹn ò ṣeé gbà mọ́, àfi kí wọ́n dúró síbẹ̀ títí a ó fi mọ ohun tí ewé náà máa ṣe. Ó wá fi ìbínú bèèrè pé, "Màmá, ta ló ní kẹ́ ẹ mu ún?"

Mo lanu. Màámi ti yára dáhùn:

"Kò sẹ́ni tó sọ fún mi o, dókítà. Orí ara mi ni mo lò."

Màámi, tó fi ẹgba kọ́ mi pé n ò gbọdọ̀ purọ́, ló purọ́ níṣojú mi kí ojú má baà tì mí. Ìyẹn ló bà mí lẹ́rù jù. Létí mi, ó dún bí ìdágbére.