Apẹ̀rẹ̀ Ọsàn Tí Kò Dé Òtu

Ìwà tí a hù lọ́sẹ̀ tó kọjá kò yẹ ọmọlúàbí. Àwọn àna wa gbéra láti Òtu wá bá wa kẹ́dùn ní Fìdítì, ọmọ ilé yìí kan kò sì dìde fún wọn. Orí ìjókòó ni àwọn ọmọ náà wà, fóònù lọ́wọ́. Ọ̀kan nínú wọn wo àbúrò ìyá tí ó bí i lójú, ó ní, "Ta ni ẹ ń wá?" Ọkùnrin náà dáhùn pé, "Ọmọ wa tó kú sílé yín là ń wá." Ojú tì mí. N kò sì lè bá ọmọ náà wí, nítorí mo mọ ibi tí ó ti kọ́ ọ.

Háà, Àbẹ̀kẹ́, ìyàwó àbúrò mi, ó wá di ojú àlá! Ìwọ tí o wọ ilé wa, tí o kò fi orúkọ pe ẹnikẹ́ni tí o bá níbẹ̀. Èmi àgbà ilé ni o sọ ní Baba Akọ̀wé. Ọmọ tí ń rá nígbà ìgbéyàwó rẹ, "Ọkọ mi" ni o ń pè é, o sì ń kúnlẹ̀ kí i títí ó fi hu irùngbọ̀n.

Ìrìnàjò Òkè-Ògùn tí ìdílé wa rìn nígbà ọyẹ́ kò kúrò lọ́kàn mi. Ìwọ ni o dá a lábàá, pé kí àwọn ọmọ rí àwọn ìlú àtijọ́ tí a tẹ̀ dó sábẹ́ àpáta, kí a sì yà kí ìyá rẹ ní Òtu bí a bá ń bọ̀. O ti fi fóònù sọ fún un. O di ọsàn Fìdítì kún apẹ̀rẹ̀, o gbé e sẹ́yìn mọ́tò, o ní, "Ti Màámi ni o, ẹ má fọwọ́ kàn án."

A gun òkè Adó-Àwáyè. Oòrùn ń ta, koríko ti gbẹ, ètè wa ń bó. Bí a ti sọ̀ kalẹ̀, ẹnì kan bó ọsàn kan, ẹlòmíràn bó méjì. Èmi náà jẹ. Nígbà tí a ó fi wo àwọn àpáta Ṣakí tán, tí a yí mọ́tò padà, èèpo ló kù nínú apẹ̀rẹ̀.

Ilẹ̀ ti ń ṣú bọ̀ nígbà tí a kan Òtu. Mo ní kí awakọ̀ má dúró. Mo ní, "Ọmọlúàbí kì í lọ ilé àna lọ́wọ́ òfo. A ó padà wá bí ó ti yẹ."

O rọra fèsì pé, "Baba Akọ̀wé, ìkíni kì í tán lápò èèyàn o."

Ìyá rẹ wà lórí àpótí létí títì. Ó rí mọ́tò, ó dìde, ó ń tún ìró rẹ̀ ró láti pàdé àna. O yọ ọwọ́ lójú fèrèsé, o kígbe, "Màámi, à ń bọ̀ o!" Bí a ti kọjá tán, o yíjú sí mi, o ní, "Ẹ má bínú, sà, ariwo mi pọ̀ jù."

Ìwà ọmọlúàbí ni mo fi bojú lọ́jọ́ náà. Ó rẹ̀ mí ni, ilé ni mo ń wá. A kò sì padà lọ títí di òní. Báwo ni ọmọ yóò ṣe mọ ẹbí ìyá rẹ̀ tí a fi eré mọ́tò kọjá?

Ìyá rẹ kò sí láàárín wa lónìí, nítorí ìyá kì í sin òkú ọmọ rẹ̀ dé ibojì. Òtu ló jókòó sí.

Àbẹ̀kẹ́, ìwọ tí o fi ìkúnlẹ̀ ṣe ọ̀ṣọ́, kí ọ̀nà tí o ń tọ̀ yìí má ní ilé kan tí wọn yóò fi ọ́ kọjá láìyà. Sùn re o.

Ẹ̀yin ọmọ ilé yìí, lọ́la, mọ́tò yóò gbéra láti iwájú ilé lọ sí Òtu. Ẹ di ọsàn kún apẹ̀rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ bó ẹyọ kan. Bí a bá dé ọ̀dọ̀ ìyá, kí ọkùnrin dọ̀bálẹ̀, kí obìnrin kúnlẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má sì dìde títí ìyá yóò fi ní kí a dìde. Èmi ni n ó kọ́kọ́ dọ̀bálẹ̀.