Dúrósinmí

Òórùn omi òkun gbá mi nímú lónìí ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta ẹja inú gíláàsì, ni mo bá rántí ọ̀sán tí bàbá mi gbé garawa omi iyọ̀ kan wá sí Ìkẹ̀rẹ́. Èkó ló ti ń bá àwọn olówó tọ́jú ẹja. Èmi ń gbé lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀.

Ohun pupa kan lẹ̀ mọ́ òkúta nínú omi náà, ọwọ́ rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ ń mì.

"Òdòdó ni, Dádì."

"Ẹran ni. Ṣóńṣó ọwọ́ wọn la fi ń mọ orúkọ wọn. Ṣé ó wú rogodo ni?"

"Rárá. Kí wá lorúkọ rẹ̀?"

"Ó wà nínú ìwé mi. Màá sọ fún ọ tí mo bá dé."

Màmá àgbà ké láti ìdí ààrò pé, "Uṣu ti jinná o!" Bàbá mi kò jẹ ẹ́. Ìdágbére ìlú òyìnbó ló wá ṣe, èmi ni kò mọ̀.

Lọ́jọ́ kẹta, ẹran náà súnkì, omi rẹ̀ ń rùn. Mo jókòó tì í lẹ́yìnkùlé, mo sọ ọ́ ní Dúrósinmí, orúkọ ọmọ tí a kò fẹ́ kó lọ.

Kò dúró.