Igbá Ẹnu Ọ̀nà Ìyá Àgbà

Òórùn òrí tí wọ́n ń sè kì í ṣe òórùn tí gbogbo ènìyàn fẹ́ràn. Ó jọ ti èéfín, ó jọ ti ẹ̀pà tí iná jó díẹ̀, ó tún jọ ti ewé tí òjò ti pa mọ́lẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Ṣùgbọ́n bí mo bá jókòó nínú yàrá mi ní ìlú Ọ̀yọ́ níbí, tí mò ń fi òrí pa orúnkún tó ń dùn mí, ojú mi á kàn rọra pa dé fúnra rẹ̀, n ó sì tún bá ara mi ní Ìkòyí-Ilé, ní àárọ̀ kùtù, nínú ìkùukùu. Ìwọ tí a jọ jẹ́ ẹgbẹ́ á mọ ohun tí mò ń sọ. Ọjọ́ tó ti lọ kì í kan ilẹ̀kùn. Òórùn ló máa ń bá wọlé.

Iṣẹ́ àgbẹ̀ ìjọba ni mò ń ṣe nígbà náà. Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo gba yàrá sí, ní àdúgbò Under G, láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ariwo wọn máa ń rán mi létí ayé tí èmi náà wà ní yunifásítì, tí mo rò pé ohun gbogbo tó wà láyé ló wà nínú ìwé. Bí ilẹ̀ bá ti ń mọ́ bọ̀, n ó gun alùpùpù mi, n ó kọrí sí Ìkòyí-Ilé. Àwọn obìnrin ibẹ̀ kì í jẹ́ kí n sọ̀ kalẹ̀ tán kí yẹ̀yẹ́ tó bẹ̀rẹ̀.

“Ọ̀gá Àgíríkì, ẹ ò ṣe kúkú ra ẹṣin? Ẹṣin kì í wúkọ́ tó báyìí!”

Àsìkò òjò ni èso igi emi máa ń dẹ̀, igi tí a ń rí òrí láti inú kóró èso rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kì í ká èso náà lórí igi. Wọn á dúró dè é títí yóò fi fúnra rẹ̀ jábọ́. Bí òjò bá rọ̀ mọ́jú, àwọn obìnrin á ti wà lóko kí oòrùn tó yọ. Wọn á bẹ̀rẹ̀, wọn á máa ṣa á, ìkùukùu á sì bo ẹsẹ̀ wọn débi pé bí o bá ń wò wọ́n láti òkèèrè, á dà bí ẹni pé inú wàrà ni wọ́n ti ń rìn. Wọ́n á máa jẹ èso náà bí wọ́n ṣe ń ṣa á, nítorí ó dùn, wọ́n á sì máa ju kóró rẹ̀ sínú abọ́.

Ní ojú ọ̀nà tí wọ́n ń gbà bọ̀ láti oko, ilé tí ènìyàn máa kọ́kọ́ kàn ni ti ìyá àgbà kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kọṣẹ́. Nígbà tó ṣì lágbára, òun ló mú ìyá àwọn obìnrin wọ̀nyí mọ ìdí àwọn igi náà. Igbá kan máa ń wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Bí wọ́n bá ti ń kọjá, olúkúlùkù á bu ẹ̀kúnwọ́ kan nínú abọ́ tirẹ̀, á dà á sínú igbá náà, kò sì ní dúró. Ìyá náà kì í dúpẹ́. “Káàbọ̀” ni yóò máa wí, bí a ṣe ń kí ẹnikẹ́ni tó ti oko dé. Wọ́n ní bó bá dúpẹ́, ó ti di alágbe nìyẹn. Nínú ẹ̀kúnwọ́ wọ̀nyí ni àpò kóró tirẹ̀ ti máa ń kún, yóò sì tà á bí àwọn yòókù ṣe ń ta tiwọn.

Ó sọ fún mi nígbà kan pé, “Ọlọ́jà ni mí o, Ọ̀gá Àgíríkì. Ẹsẹ̀ ló kọ̀ mí, ọjà ò kọ̀ mí.”

Ní ọdún kan, ilé-iṣẹ́ kan tó ń kó òrí lọ sí òkè òkun fẹ́ máa ra kóró lọ́wọ́ àwọn obìnrin náà tààrà, láìsí alárọ̀ọ́bọ̀ láàárín. Wọ́n rán obìnrin kan wá láti Èkó, ọmọ Yorùbá bíi tiwa, oníwà pẹ̀lẹ́. Ìlànà tó gbé wá ni pé orúkọ obìnrin tó ṣa kóró, àti oko tó ti ṣa á, gbọ́dọ̀ wà lára àpò kọ̀ọ̀kan. Bí kóró oko méjì bá dàrú pọ̀ nínú àpò kan, wọ́n lè kọ ọjà gbogbo ìlú. Èrò rere ló bí ìlànà náà, n kò ní purọ́ mọ́ ọn. Wọ́n fẹ́ kí ẹni tó ń fi òrí para lókè òkun mọ̀ pé a kò gé igi, a kò sun igbó, a kò sì rẹ́ obìnrin kankan jẹ. Èmi ni mo dúró lábẹ́ igi máńgòrò tí mo ṣàlàyé rẹ̀ fún wọn. Inú gbogbo wa dùn. Kò sẹ́ni tó rántí igbá, àfi ẹni tó ni ín. Wọ́n ti gbé e wá jókòó lórí àpótí lẹ́yìn gbogbo wa, ó sì gbọ́ ọ̀rọ̀ náà tán.

Lọ́jọ́ kejì, obìnrin Èkó náà ní òun fẹ́ bá wọn lọ sóko. Wọ́n yá a ní abọ́. Ìyá Ẹgbẹ́, ẹni tó ń ṣáájú àwọn obìnrin náà, fi í ṣẹ̀fẹ̀ títí.

“Àǹtí, ẹ rọra bẹ̀rẹ̀ o, kí ìbàdí Èkó má lọ kán mọ́ wa lọ́wọ́!”

Ó rẹ́rìn-ín, ó ṣa tirẹ̀, omi èso náà ń kán sí i lágbọ̀n. Nígbà tí a ń bọ̀, ó tò sẹ́yìn wọn, abọ́ lórí. Èmi ń rìn lẹ́yìn, mò ń ti alùpùpù mi nínú ẹrẹ̀. Oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọjú, ilẹ̀ sì ń yọ èéfín.

Ìyá Ẹgbẹ́ ló ṣáájú dé ẹnu ọ̀nà ìyá àgbà. Ó ti bu ẹ̀kúnwọ́ rẹ̀ tán kó tó rí i pé kò sí igbá. Ó dúró. Ẹni tó tẹ̀ lé e dúró. Gbogbo ìlà náà dúró, ohun tí n kò rí rí.

“Ìyá, igbá dà?”

“Mo ti gbé e wọlé.” Ìyá náà jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó fi ọwọ́ méjèèjì lé orúnkún. “Ẹ̀yin náà gbọ́ ohun tí wọ́n wí. Oko wo ni n ó ní mo ti ṣa tèmi? N kò ní ba ọjà yín jẹ́. Ẹ máa lọ sílé.”

“Ọwọ́ tó ti bu nǹkan fún yín, kó wá dà á padà sínú abọ́? Ìyá, ẹ má fi wá ṣẹlẹ́yà.”

“Ẹ dà á padà lónìí.”

“Kò ní ṣeé ṣe.”

Ìyá Ẹgbẹ́ bẹ̀rẹ̀, ó da kóró rẹ̀ sórí ilẹ̀ lásán níwájú ẹsẹ̀ ìyá àgbà, ó sì kọjá. Ẹnìkejì da tirẹ̀. Ẹnìkẹta. Ìró kóró wọ̀nyẹn ṣì wà létí mi, ó dà bí ẹ̀kán òjò àkọ́kọ́ lẹ́yìn ọ̀gbẹlẹ̀. Kò sẹ́ni tí kò mọ̀ pé ọjà gbogbo ìlú ni wọ́n ń fi ta tẹ́tẹ́ lójú ẹni tí ilé-iṣẹ́ rán wá.

Ó wá kan obìnrin Èkó náà. Ó wo abọ́ rẹ̀, ó wo òkìtì kékeré tó wà nílẹ̀. Ló bá ki ọwọ́ bọ abọ́, ó bu ẹ̀kúnwọ́ kan, ó sì dà á lé ti àwọn yòókù. Ìyá àgbà gbójú sókè wò ó.

“Káàbọ̀,” ló wí.

Nígbà tí a rìn síwájú díẹ̀, mo bi í pé, “Àǹtí, àpò ìyá yìí ńkọ́? Orúkọ ta ni ká kọ sí i?”

Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. “Tèmi náà ti wà níbẹ̀, sà. Ẹjọ́ ta ni n ó wá fi sùn? Orúkọ ìlú ni ká kọ sára gbogbo àpò náà.”

Ó bá àwọn ọ̀gá rẹ̀ fà á pẹ́. Èso ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán nídìí igi kí èsì tó dé pé wọ́n gbà kí a ka gbogbo ìlú sí ẹnì kan ṣoṣo. Igbá padà sẹ́nu ọ̀nà, ẹnikẹ́ni kò pariwo rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ náà rà fún ọdún díẹ̀, lẹ́yìn náà wọn kò wá mọ́, n kò sì mọ ìdí rẹ̀. Mo gbọ́ pé díẹ̀ lára àwọn igi náà ti di èédú. Ìyá àgbà ti sùn. Nígbà tí mo gbọ́ ikú rẹ̀, mo bi ẹni tó sọ fún mi bóyá àpò rẹ̀ kún lọ́dún ìkẹyìn rẹ̀. Ó ní ó kún.

Láti ìgbà náà, bí mo bá gbọ́ tí àwọn ọ̀mọ̀wé ń sọ lórí rédíò pé kí òwò má yọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀, igbá yẹn ni mo máa ń rí. Ìwé mi kò kọ́ mi pé ènìyàn lè wà lọ́jà láì kúrò lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, bí àwọn tó ń kọjá bá ṣì kà á mọ́ ara wọn.

Ẹsẹ̀ tèmi náà kì í gbé mi dé ọjà Akẹ̀sán mọ́. Obìnrin kan tó ń ta òrí ládùúgbò wa máa ń gba ẹ̀gbẹ́ fèrèsé mi kọjá ní ìrọ̀lẹ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìṣù òrí kan sílẹ̀ fún mi níbẹ̀. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo dúpẹ́ títí, mo ṣàdúrà lé e, títí ojú fi ń tì í. “Bàbá, ó tó o, ẹ jẹ́ n máa lọ.” Ìgbà tó lọ tán ni mo rántí igbá ìyá àgbà. Mo gbé abọ́ kan síta fèrèsé. Ní ìrọ̀lẹ́, bí mo bá gbọ́ tí òrí bọ́ sínú rẹ̀, tí mo sì gbọ́ ẹsẹ̀ tí kò dúró, mo máa ń sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́ láti orí àga mi pé, “Káàbọ̀.”