Iná Tí Kò Kú ní Yàrá Tuntun

Òórùn ló kọ́kọ́ dé kí Rẹ̀mílẹ́kún fúnra rẹ̀ tó yọ. Mò ń ta bátìrì sólà nísàlẹ̀ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ní Ṣágámù, òkè mi sì ni ọ́fíìsì Ọ̀gbẹ́ni Ebenezer wà, níbi tí wọ́n ti ń ṣe ẹ̀rọ ìsàba, àpótí oníná tó ń bá adìẹ sàba lórí ẹyin. Rẹ̀mílẹ́kún gbé ọpọlọ ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀rọ náà, pátákó kékeré tó ń darí rẹ̀, kọjá níwájú mi, ó fi ọ̀rá wé e, síbẹ̀ mo fi aṣọ bo imú. Ẹyin tí ọmọ adìẹ inú rẹ̀ ti jinná kó tó pa, tó wá jẹrà: kò sí bí mo ṣe fẹ́ ròyìn rẹ̀ tí ẹ ò ní tutọ́.

Ọmọ Ìlárá Rẹ́mọ ni Rẹ̀mílẹ́kún, ọmọ tíṣà. Òun ló ń kọ ètò tó ń darí ẹ̀rọ wọn, ní èdè kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní C. Kò tíì pẹ́ níbẹ̀. Fisáyọ̀ ló wà níbẹ̀ ṣáájú rẹ̀, ṣùgbọ́n Fisáyọ̀ ti jápa lọ sí Kánádà. Tí nǹkan bá rí Rẹ̀mílẹ́kún lára, ojú rẹ̀ á ti sọ ọ́ kí ẹnu tó sọ ọ́, ohun tí mo sì fẹ́ràn lára rẹ̀ nìyẹn.

Likosi ló ti ń bọ̀, ní oko adìẹ Àlàájà Hàmdálátù. Yàrá méjì ló wà nínú ẹ̀rọ Àlàájà tẹ́lẹ̀, wọ́n sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bá wọn fi ẹ̀kẹta kún un ni. Gbogbo ẹyin yàrá tuntun yẹn ló sè. Ojú gíláàsì ẹ̀rọ ní òun ti pa iná. Nítorí náà, Àlàájà ní Wàsíù tó ń ṣọ́ ẹ̀rọ ló fi ọwọ́ tan súwíìṣì ẹ̀gbẹ́, èyí tó ń tan iná láìgba inú ètò kọjá, pé ìkà ló fi ṣe. Wọ́n lé e jáde níwájú ìyàwó rẹ̀, wọ́n ní tó bá di Jímọ̀ àwọn á fà á lé ọlọ́pàá lọ́wọ́.

Rẹ̀mílẹ́kún jókòó ti kọ̀ǹpútà, ó ń wá ibi tí ètò ti ń pa ina_3, ìyẹn iná yàrá kẹta. Ó rí ibi tó ti ń tàn án, kò rí ibi tó ti ń pa á. Nígbà tó yá, ó pè mí gòkè wá wò ó, bí ẹni tó pe aládùúgbò wá wo òkú eku lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Bó ṣe là á yé mi nìyí. Nínú C, kí ètò tó di iṣẹ́, nǹkan kan á kọ́kọ́ gba inú rẹ̀ kọjá, á máa fi ọ̀rọ̀ kan rọ́pò òmíràn. Àṣẹ kúkúrú tí wọ́n ń kọ fún un ni mákírò. Tí o bá fi ## sáàárín ọ̀rọ̀ méjì, á lẹ̀ wọ́n pọ̀ di ẹyọ kan. Tí o bá fi # kan ṣoṣo síwájú ọ̀rọ̀, á sọ ọ́ di ohun tó ṣeé kọ sójú gíláàsì. Ṣùgbọ́n bí àmì méjèèjì bá ṣe bá ọ̀rọ̀ náà ni wọ́n ṣe ń lò ó, wọn kì í béèrè ohun tó dúró fún. Ọ̀gá wọn, Ọ̀gbẹ́ni Ebenezer, ti kọ ọ́ ṣáájú pé TUNTUN dúró fún 3. Ó wá fi ## lẹ TUNTUN mọ́ ina_, ó rò pé ina_3 ni yóò jáde. Ohun tó jáde ni ina_TUNTUN, tí kò sí láyé.

Kọ̀ǹpútà sì sọ fún Fisáyọ̀ nígbà náà pé òun ò mọ ina_TUNTUN. Kí ni Fisáyọ̀ ṣe? Ó dá ina_TUNTUN sílẹ̀, lófìfo, láìso ó mọ́ nǹkan kan, kí ẹnu kọ̀ǹpútà lè pa mọ́. Láti ìgbà yẹn, tí ooru bá ti pọ̀, ètò á ní kí ina_TUNTUN kú, á sì kú, ina_3 á máa jó lọ. # á wá kọ ọ́ sójú gíláàsì pé YARA TUNTUN: INA TI KU. Kò ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu, ṣebí yàrá tuntun náà ni.

Rẹ̀mílẹ́kún pe Fisáyọ̀ lórí wátsáàpù níṣojú mi.

“Àǹtí, ọ̀gá ló kọ ọ́,” ni Fisáyọ̀ wí. “Ṣé kí n wá máa sọ fún bàbá yẹn pé wọ́n ṣì í kọ ni? Ẹ̀yin náà ẹ wò ó.”

Ó kó mi nírìíra. Lójú tirẹ̀, ọ̀wọ̀ nìyẹn. Ọ̀wọ̀ wo ló ń se ọmọ adìẹ nínú èèpo, tó ń fa ọmọ ọlọ́mọ lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá?

Ọ̀gá ń jẹun nígbà tí Rẹ̀mílẹ́kún kúnlẹ̀ sọ fún un. Kò dá òkèlè dúró.

“Tún un ṣe jẹ́jẹ́,” ló wí. “Má dárúkọ ẹnikẹ́ni fún Àlàájà. Wàsíù á ríṣẹ́ níbòmíràn.”

“Ọlọ́pàá ni wọ́n fẹ́ fà á lé lọ́wọ́, sà.”

“Mo ní tún un ṣe.” Ó lá ìka rẹ̀.

Rẹ̀mílẹ́kún dìde. Kò tún un ṣe. Ó gbé ọpọlọ ẹ̀rọ náà padà bó ṣe wà, ó ní kí n gbé bátìrì kan tẹ̀lé òun torí kò síná ní Likosi, a sì wọ kòròpé, bọ́ọ̀sì kékeré.

Bá a ṣe dé oko, ó ní kí Àlàájà ránṣẹ́ pe Wàsíù, kó dúró lókèèrè tí ọwọ́ rẹ̀ kò ti lè kan nǹkan kan. Yàrá tuntun ṣófo. A tan ẹ̀rọ, ooru ń gòkè, nígbà tó yá gíláàsì kọ ọ́: YARA TUNTUN: INA TI KU.

“Ẹ fi ọwọ́ yín sínú rẹ̀, mà,” ni Rẹ̀mílẹ́kún wí.

Àlàájà fi ọwọ́ sí i, wọ́n sì yára fà á yọ. Wọ́n wo gíláàsì, wọ́n wo ọwọ́ wọn, wọ́n wo Wàsíù lọ́hùn-ún. Wọ́n béèrè ẹni tó kọ ọ́, Rẹ̀mílẹ́kún sì dárúkọ ọ̀gá rẹ̀ àti Fisáyọ̀ láìfi ọ̀kan pa mọ́. Àlàájà gbé fóònù.

“Ọ̀gbẹ́ni Ebenezer, ohun tí ẹ sè ṣì wà lẹ́yìnkùlé mi. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa wá kó o.”

Ní ọjọ́ kejì tí mo padà lọ gbé bátìrì mi, ọ̀gá dé pẹ̀lú ṣẹ́ẹ̀tì funfun àti áńkáṣíìfù nímú. Eṣinṣin ti bo òkìtì ẹyin náà dúdú, omi kan ń ṣàn lábẹ́ rẹ̀ tí mi ò fẹ́ rántí. Èébì gbé e kó tó dé ibẹ̀ rárá. Wàsíù, tí Àlàájà ti dá padà sẹ́nu iṣẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ náà, mú ṣọ́bìrì wá, ó dọ̀bálẹ̀, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì na ṣọ́bìrì náà sí i.

“Ẹ káàbọ̀, sà,” ló wí.