Ìran Tí Ẹ̀gbọ́n Mi Tò fún Mi ní Abidjan

Àkùkọ kò tíì kọ nígbà tí mọ́tò wa kúrò ní gareji Ẹ̀jìgbò. Ẹni tó bá mọ ìlú wa mọ̀ pé kò sí ìyàlẹ́nu nínú kí ènìyàn máa lọ sí Abidjan. Bí àwọn ará ìlú mìíràn ṣe ń lọ sóko, bẹ́ẹ̀ làwa ṣe ń lọ síbẹ̀. Ìyàtọ̀ tèmi ni pé n kò lọ ṣòwò. Olùkọ́ ni mí, a ti gba ìsinmi, mo sì fẹ́ lọ wo ìran. Mo ti gbọ́ nípa afárá ńlá tó gba orí ọ̀sà kọjá, nípa ilé tí wọ́n kó àwọn ère àtijọ́ sí, tí wọ́n ń pè ní musée, àti nípa hòtẹ́ẹ̀lì kan ní Cocody tí wọ́n ti sọ omi di yìnyín, tí àwọn ènìyàn ń fi bàtà olójú ọ̀bẹ yọ̀ lórí rẹ̀. Yìnyín yìí ló wù mí jù.

Ọjọ́ kan péré ni mo lè lò níbẹ̀ kí mọ́tò tó padà. Nítorí náà mo ti rán awakọ̀ kan tó ṣáájú wa lọ sí ẹ̀gbọ́n mi, Rábẹ́kà, tó ń ta aṣọ ní Koumassi. Mo ní kó sọ fún un pé mo ń bọ̀ wá wo ìran, kí ó bá mi to àwọn tó súnmọ́ra pọ̀, kí a má baà máa sọdá ọ̀sà lọ, kí a tún máa sọdá bọ̀. Mo rò pé mo gbọ́n.

Kumasi ní Gánà ni Rábẹ́kà wà tẹ́lẹ̀. Nígbà tí ìjọba ibẹ̀ ní kí àwọn àlejò máa lọ, àwọn ará ìlú wa di ẹrù wọn wálé. Ọkọ Rábẹ́kà ti kú nígbà náà, ọjà rẹ̀ sì ti ṣòfò. Ojú tì í láti fi ọwọ́ òfìfo wọlé, ló bá kọjá sí Abidjan. Láti ìgbà náà ni bàbá wa kò ti dárúkọ rẹ̀ mọ́, àwa náà sì kọ́ láti má dárúkọ rẹ̀ lójú bàbá. Kódà nígbà tí ìyá wa kú, kò lè wá.

Ọ̀nà dán títí a fi dé Cotonou. Ní Lomé a jẹ ẹ̀kọ pẹ̀lú ẹja díndín, ata rẹ̀ sì ta ju tiwa lọ. Ní Gánà, kòtò ló ń gba mọ́tò lọ́wọ́ kòtò. Ní ibodè kọ̀ọ̀kan, a ó sọ̀ kalẹ̀, a ó tú ẹrù, àwọn aṣọ́bodè yóò wò wá bíi pé àwa la gbé ibodè náà síbẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì la wọ Abidjan.

Mo dọ̀bálẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n mi ní ẹnu ọ̀nà. Ó fi oríkì mi kí mi, ó wá gbé attiéké kalẹ̀ fún mi. Ẹ̀gẹ́ ni, bíi gààrí tí wọ́n fi ooru omi sè tí kò sì di ẹ̀bà. Bí mo ṣe jẹun tán ló bẹ̀rẹ̀ sí í ka ètò ọ̀la. Ní Koumassi, a ó kọ́kọ́ dé ilé Ìyá Ìjọ. Láti ibẹ̀, Treichville, nítorí àwọn ọmọ ìlú wa pọ̀ lójú kan níbẹ̀. Lẹ́yìn náà la ó sọdá afárá lẹ́ẹ̀kan, a ó dé Adjamé, a ó fi Williamsville kádìí rẹ̀. Ètò náà mọ́gbọ́n dání, n kò lè bá a wí. Mo wá bi í pé musée ńkọ́? Ó ní ta ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, ọmọ ilé wo ni?

Ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ tó yé mi. Awakọ̀ kò sọ pé mo fẹ́ wá wo ìran. Ohun tó sọ ni pé mo fẹ́ wá rí ìran, kí wọ́n to àwọn tó súnmọ́ra pọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi sì to ìran wa lóòótọ́: àwọn ìbátan, àwọn àna, àti gbogbo ẹni tó wá bá a ṣọ̀fọ̀ ìyá wa. Mo fẹ́ ṣàlàyé fún un pé ìran ojú ni mo ń wí, kì í ṣe ìran ẹ̀jẹ̀. Ojú rẹ̀ ni kò jẹ́ kí n sọ ọ́.

Ó ní wọ́n wá bá òun ṣọ̀fọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n òun ń gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ lẹ́yìn òun. Wọ́n ní ẹni tí wọ́n lé ní Gánà tí kò lọ sílé, kò nílé ni. Wọ́n ní ẹnìkan ò tilẹ̀ wá wò ó láti ilé rí.

“Àjàní,” ó ní, “ọ̀la ni wọn yóò mọ̀ pé wọ́n bí mi.”

Mo gbàgbé yìnyín.

Firmin ló gbé wa kiri. Ọmọ ìjọ ẹ̀gbọ́n mi ni, wọ́n bí i sí Treichville, bàbá rẹ̀ wá láti ìlú wa. Ó ń wa wôrô-wôrô, èyí tí í ṣe takisí tí èrò ń pín gbé. Ẹẹ́fà ni wọ́n ní ọ̀rọ̀ náà ń jẹ́ ní èdè Jùlá, láti ara owó tí wọ́n ń san fún un nígbà kan. Firmin gbọ́ Yorùbá ju bó ṣe ń sọ ọ́ lọ. Bí a ṣe ń lọ, ó nàka sí òdìkejì ọ̀sà, níbi tí àwọn ilé gíga wà.

“Tonton, Plateau nìyẹn, là-bas. Le musée kò jìnnà sí i. On y va?”

Èmi ló ń pè ní tonton, àbúrò bàbá, ó ń bi mí bóyá ká yà síbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ní kó wo iwájú rẹ̀.

Ilé tí a bá wọ̀, ìkúnlẹ̀, ìdọ̀bálẹ̀, àti ìgò mínírà kan, tí wọ́n ń pè ní sucrerie. Nílé wa, àlejò lè tọ́ omi wò kó gbé e sílẹ̀, inú ẹnikẹ́ni kò ní bàjẹ́. Níbí, wọ́n ń ṣọ́ ìgò títí yóò fi gbẹ. Kí ọ̀sán tó pọ́n, ikùn mi ti ń dún.

Ilé olórí àwọn ọmọ ìlú wa ní Treichville ni ẹ̀gbọ́n mi bẹ̀rù jù. Bàbá arúgbó ni, ó ń ta irin mọ́tò, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò sì pọ̀. Ó wo èmi, ó wo ẹ̀gbọ́n mi, ó béèrè bóyá ọmọ ìyá kan náà ni wá tàbí ti ẹbí lásán. Mo ní ọmọ ìyá kan, ọmọ bàbá kan.

“Nígbà tí ìyá yín wọ ilẹ̀,” ó ní, “ta ló dúró fún Rábẹ́kà?”

“Èmi ni, bàbá. Nígbà tí àwọn ọmọ olóòkú ń bu iyẹ̀pẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo bu ú. Mo ní ẹ̀ẹ̀kejì yìí, ti Rábẹ́kà ni.”

N kò sọ ọ́ fún ẹ̀gbọ́n mi rí. Mo rò pé ẹnìkan ti sọ fún un. Ẹ̀gbọ́n mi dìde, ó jáde sí ẹ̀yìnkùlé, a kò sì rí i fún ìgbà díẹ̀. Firmin ṣí fìlà rẹ̀. Bàbá náà na ohùn sókè sínú ilé, ó ní kí gbogbo wọn jáde wá kí àbúrò Rábẹ́kà. Wọ́n jáde lọ́mọdé lágbà, wọ́n dúró yí mi ká, wọ́n ń wá ojú ẹ̀gbọ́n mi lójú mi.

Oòrùn ti ń rọ̀ nígbà tí a sọdá afárá. Wọn kì í jẹ́ kí mọ́tò dúró lórí rẹ̀, Firmin sì rọra wà á. Ẹ̀gbọ́n mi ń fi ọ̀sà hàn mí, àwọn ọkọ̀ ojú omi, àwọn ilé tó ga ju igi ọ̀pẹ lọ, ó ń sọ̀rọ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó ní bí mo bá fẹ́, a lè yà wo musée yẹn. Mo ní ká lọ sí Adjamé, wọ́n ń retí wa. Inú mi dùn, n kò ní purọ́.

Nígbà tí mo délé, àwọn olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi péjọ sí iwájú ilé wa láti gbọ́ nípa yìnyín. Mo ní n kò dé ibẹ̀. Wọ́n ní kí n sọ ti musée, mo ní n kò dé ibẹ̀ náà. Wọ́n fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ dáadáa. Ohun tí mo rí kọ́ ni pé ìlú tí ènìyàn bá ti ní ẹni tirẹ̀ níbẹ̀, kì í ráyè wo ìlú náà, nítorí ìlú náà ń wò ó. Mo wá ròyìn ilé tó wà ní Treichville fún wọn, mo dárúkọ Rábẹ́kà ketekete. Bàbá wa jókòó sí ẹnu ọ̀nà, kò yí ojú sí wa.

Nígbà tí àwọn àlejò lọ tán, ó pè mí.

“Mọ́tò Abidjan yẹn, ọjọ́ wo ló tún ń gbéra?”

Mo ní ọjọ́ Ẹtì. Ó ní kí n gba àyè iwájú fún òun.