Àpótí Tó Fẹ́ Gbaṣẹ́ Lọ́wọ́ Àgbébọ̀

Ọjọ́ tí àpótí Bọ̀dá Sámù pamọ nílé wa ní Bàrígà kò lè kúrò lọ́kàn mi láéláé.

Àbúrò bàbá mi ni Bọ̀dá Sámù, akọ̀wé tí kò mọ adìẹ mìíràn ju ti inú ọbẹ̀ lọ. Ó kan àpótí kan, ó gbé àtùpà sábẹ́ rẹ̀, ó to ogún ẹyin sínú rẹ̀ ní ilé ìdáná. Ó ní iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ àgbébọ̀ nìyẹn.

Ìyá Ìlàjẹ, ayálégbé tó ń yan ẹja ní ilé ìdáná kan náà, kìlọ̀ fún un pé, "Máa yí wọn o. Ẹja tí mi ò bá yí, ẹ̀gbẹ́ kan ló ń jóná. Adìẹ pàápàá ń yí ẹyin rẹ̀."

Bọ̀dá yínmú. "Ìyá, ẹyin lèyí, kì í ṣe ẹja yín."

Nígbà tó pé ọjọ́ mọ́kànlélógún, ó so táì mọ́rùn, ó pe gbogbo àdúgbò, ó ṣí àpótí. Òórùn òbu lé wa sẹ́yìn. Ẹyin kan bẹ́ gbàù sí i láyà! Bí a ṣe fẹ́ bú sẹ́rìn-ín ni ọmọ adìẹ mẹ́rin ké.

"Ẹ wá wo ọgbọ́n ìwé!" ni Bọ̀dá ń pariwo.

Èmi ló ní kí n kó èèpo dànù. Lára èèpo àwọn mẹ́rin tó pamọ nìkan ni àmì ìka wà, ó dúdú fún èédú. Ìyá Ìlàjẹ ti padà sídìí ẹja rẹ̀, ó ń fi ọwọ́ tí èédú ti kùn yí i.

Láti ọjọ́ náà, bí Bọ̀dá bá ti ń sọ̀rọ̀ ọgbọ́n, ọwọ́ rẹ̀ ni mo máa ń kọ́kọ́ wò. Ó máa ń mọ́ tónítóní.