Íápíìsì Olójú Wúrà àti Etí Òsì Mi

Ní àwọn ọdún tí mò ń sọ yìí, mo gbà pé kò sí ẹni tó mọ ohùn tó dára jù mí lọ ní gbogbo Òṣogbo. Akọ̀wé kékeré ni mí ní ọ́fíìsì ìjọba ní Àbẹ̀rẹ̀, yàrá kan ṣoṣo ni mo gbà ní Òkè-Fìà, owó oṣù mi kì í sì í pẹ́ kó tó tán. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá tan rédíò níwájú mi, ẹ ó rò pé èmi ni wọ́n fi ṣe adájọ́ orin. Màá sún mọ́ ọn, màá di ojú, màá mi orí díẹ̀, màá wá sọ pé, "Báàsì rẹ̀ kò jinlẹ̀." Kò sí ẹni tó bi mí. Mo kàn máa ń sọ ọ́ ni.

Mo ní rédíò kékeré kan tó ń gba kásẹ́ẹ̀tì, irú èyí tí a máa ń há mọ́ bẹ́líìtì. Òun ni mo máa ń gbọ́ nínú bọ́ọ̀sì láàárọ̀ tí mo bá ń lọ sí Àbẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe fáàrí nìkan ni mo ń fi ṣe. Mo wà nínú ẹgbẹ́ akọrin ìjọ wa ní Iléṣà, ìlú tí wọ́n bí mi sí. Báàsì, ohùn ìsàlẹ̀, ni mò ń kọ. Ọ̀gá akọrin máa ń gba orin tuntun sínú kásẹ́ẹ̀tì fún wa, kí kálukú lè kọ́ apá tirẹ̀ kí a tó pàdé lọ́jọ́ Sátidé. Ìkórè ń bọ̀ lọ́nà, orin tó le ni wọ́n sì fún wa. Àsìkò náà gan-an ni mo pàdánù íápíìsì mi.

Ó ti ń ṣe wọ́nranwọ̀nran tẹ́lẹ̀, mo sì ti fi sẹ́lótéèpù dì í ní ibi méjì. Lọ́jọ́ kan, bí mo ṣe fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì, wáyà rẹ̀ há mọ́ àpò obìnrin kan tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Èmi bọ́ sílẹ̀, íápíìsì kò bọ́. Mo dúró sí ẹ̀bá ọ̀nà, mò ń wò ó bó ṣe ń fì dirodiro lára àpò obìnrin náà, tó ń bá bọ́ọ̀sì lọ.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan náà, mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù bàbá kan ní Òkè-Fìà. Òṣìṣẹ́ rélùwéè ni bàbá náà tẹ́lẹ̀. Nígbà tí iṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin dẹnu kọlẹ̀ ni wọ́n ṣí ṣọ́ọ̀bù, wọ́n ń tún rédíò ṣe níbẹ̀, wọ́n sì ń ta bátìrì, kásẹ́ẹ̀tì òfìfo àti íápíìsì. Wọ́n máa ń gbé orí sí ẹ̀gbẹ́ kan tí wọ́n bá ń bá ènìyàn sọ̀rọ̀. Mo rò pé ìgbéraga ni.

"Èwo lẹ fẹ́ nínú rẹ̀, ọ̀gá akọ̀wé?" ni wọ́n bi mí.

"Èyí tó ń wọnú ihò etí ni, bàbá, kì í ṣe èyí tí wọ́n ń gbé kọ́rí. Kí báàsì rẹ̀ jinlẹ̀, kí ohùn òkè rẹ̀ má máa gún ni létí, kí n sì lè gbọ́ apá orin kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Kó má sì wọ́n."

Bàbá gbé orí sẹ́gbẹ̀ẹ́. "Kó ṣe gbogbo ìyẹn, kó má sì wọ́n?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Wọ́n kó mẹ́ta sílẹ̀ lórí tábìlì. Ọ̀kan dúdú, kò ní ọ̀ṣọ́ kankan, inú ọ̀rá lásán ló wà. Ọ̀kan funfun. Ẹ̀kẹta wà nínú páálí tó ń dán, irin ẹnu rẹ̀ tí a ń kì bọ rédíò ń tàn bíi wúrà, wọ́n sì kọ ọ́ gàdàgbà sára páálí náà pé kò sí báàsì tó tó báàsì rẹ̀. Bàbá fi ìka kan ti dúdú yẹn sọ́dọ̀ mi.

"Tó bá jẹ́ èmi ni, èyí ni mo máa rà."

Mo rẹ́rìn-ín sí wọn, irú ẹ̀rín tí olùkọ́ máa ń rín sí ọmọ tó gbìyànjú. Mo yọ kásẹ́ẹ̀tì ẹgbẹ́ akọrin nínú àpò, mo kì í bọ rédíò, mo dúró láàárín ṣọ́ọ̀bù, mo di ojú. Mo ti dúdú bọ etí. Orin ń jáde dáadáa lápá ọ̀tún, ṣùgbọ́n lápá òsì, ó dà bíi pé inú ilé kejì ni wọ́n ti ń kọ ọ́.

"Eléyìí ti kú lápá kan," ni mo wí.

Mo gbé funfun. Bákan náà ni. "Eléyìí náà ti kú." Mo wá gbé olójú wúrà. Kí n má parọ́, bákan náà lòun náà rí. Ó yẹ kí n ti fura níbẹ̀. Ṣùgbọ́n wúrà wà lẹ́nu rẹ̀, mo sì ti nífẹ̀ẹ́ rẹ̀ kí n tó tì í bọ etí, ni mo bá mi orí, mo ní, "Ẹ ò rí i, bàbá? Ohùn nìyí." Owó tí mo san ju èyí tí mo mú bọ̀ lọ́kàn lọ, gàrí ni mo sì mu ní gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn.

Kò pé ọjọ́ mẹ́ta tí n kò lè tan ara mi mọ́. Apá òsì kò gbọ́ràn. Mo padà lọ bá bàbá, wọ́n sì pààrọ̀ rẹ̀ fún mi láìjanpata. Ó tún di ọjọ́ kejì, mo tún dé. Lọ́tẹ̀ yìí, inú ti ń bí mi. Obìnrin kan wà níbẹ̀ tó gbé áyọ́ọ̀nù wá fún àtúnṣe, mo sì fẹ́ kó gbọ́ ọ̀rọ̀ mi pẹ̀lú.

"Bàbá, ẹ má bínú, ọjà tí ẹ ń tà kò dára. Láti kékeré ni mo ti wà nídìí orin. Etí mi kì í tàn mí. Tí nǹkan bá yà díẹ̀ báyìí, màá mọ̀!"

Bàbá gbé sódà tí wọ́n fi ń jó wáyà sílẹ̀. "Jókòó."

Mo jókòó.

"Ti íápíìsì rẹ bọ etí. Èwo ni kò dún dáadáa?"

"Ti òsì ni, sà."

"Ó dáa. Yọ méjèèjì. Fi ti òsì sí ọ̀tún, kí o fi ti ọ̀tún sí òsì."

Mo ṣe bẹ́ẹ̀.

"Èwo ni kò dún báyìí?"

"Ti òsì náà ni, sà," ni mo fi ìgboyà dáhùn.

"Òsì íápíìsì ni, àbí òsì tìrẹ?"

Mo fọwọ́ kan etí mi òsì. Obìnrin aláyọ́ọ̀nù fi etí gèlè bo ẹnu, ṣùgbọ́n èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n.

Bàbá wá rọ ohùn wọn sílẹ̀. "Ọmọ mi, ìdí ẹ́ńjìnnì ni mo ti lo ìgbà èwe mi. Etí mi ọ̀tún kò gbọ́ nǹkan kan mọ́. Ìdí tí mo fi ń gbé orí sí ẹ̀gbẹ́ nìyẹn. Láti ọjọ́ tí o ti kọ́kọ́ wọlé ni ìwọ náà ti ń gbé orí tìrẹ sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Lọ sí ọsibítù. Kò sí ohun tó ṣe íápíìsì."

Mo fi ẹsẹ̀ rìn lọ sílé, nítorí n kò fẹ́ kí ọlọ́kadà kankan bá mi sọ̀rọ̀. Bí mo ṣe ń lọ ni gbogbo nǹkan ń yé mi lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀gá mi ní ọ́fíìsì, tí tábìlì wọn wà lápá òsì mi, ti ń sọ fáwọn ènìyàn pé mo gbéraga, pé àwọn máa ń pè mí ní ẹ̀ẹ̀mẹta kí n tó dáhùn. Èmi ti rò pé wọn kì í pè mí ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

Èyí tó burú jù ni ti màámi. Gbogbo Sátidé tí mo bá lọ sí Iléṣà, ọ̀dọ̀ wọn ni mo máa ń sùn, àga wọn sì wà lápá òsì tèmi nínú pálọ̀. Ó ti tó oṣù mélòó kan tí mo ti ṣàkíyèsí pé ohùn wọn ń lọ sílẹ̀. Àánú wọn ṣe mí. Mo ní ọjọ́ ogbó ti dé. N kò sọ fún wọn, kí ọkàn wọn má bàa bàjẹ́. Oyin ni mo ń rà lọ fún wọn, ìgò kan lóṣooṣù, mo ní kó máa la ohùn. Wọ́n ń gba oyin náà, wọ́n ń ṣàdúrà fún mi, wọ́n á wá mi orí, wọ́n á ní, "Ọmọ mi, o ò gbọ́ràn." Ọ̀rọ̀ ìyàwó tí n kò tíì fẹ́ ni mo rò pé wọ́n ń sọ. Mo ti gbọ́ ọ lọ́pọ̀ ìgbà tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi máa ń dá wọn lóhùn pé, "Ó máa tó yá, ẹ̀yin ẹ fara balẹ̀."

Mo gba ààyè níbi iṣẹ́ lọ́jọ́ Ẹtì, mo gba Iléṣà lọ. Nígbà tí mo sọ fún màámi ohun tí bàbá onírédíò wí, kò yà wọ́n lẹ́nu rárá. Wọ́n wọ bàtà, wọ́n tẹ̀ lé mi lọ sí ọsibítù bí ẹni ń mú ọmọ lọ gba abẹ́rẹ́.

Nọ́ọ̀sì kan ní kí n gbé abọ́ sábẹ́ etí, ó fa omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ sínú sírínjì ńlá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fọn ọ́n wọlé. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, nǹkan kan jáde, ó bọ́ sínú abọ́. Mo rò pé kòkòrò ni. Nọ́ọ̀sì fi irin gbé e sókè.

"Òwú nìyí. Kí ló gbé òwú dé inú etí yín?"

Ojú tì mí kí n tó rántí tán. Íápíìsì mi àtijọ́ máa ń yọ̀ kúrò létí, mo sì ti ṣe ìwádìí tèmi, pé báàsì máa ń gba ibi tó bá ṣí sílẹ̀ sá lọ. Mo wé òwú mọ́ ọn lórí, mo sì ń fi agbára tì í bọ ihò etí láràárọ̀. Mo fi ọgbọ́n náà yangàn ní ọ́fíìsì títí, débi pé akọ̀wé méjì ti ń ṣe é bíi tèmi. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, èmi náà ni mo lọ bá wọn níkọ̀kọ̀ pé kí wọ́n lọ yẹ etí wọn wò.

Kí n padà sí ọ̀rọ̀ ọsibítù. Bí òwú yẹn ṣe jáde, ayé bú jáde. Mo gbọ́ bàtà nọ́ọ̀sì lórí símẹ́ǹtì. Mo gbọ́ ẹni tó ń ṣí ilẹ̀kùn ní ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún. Ẹnìkan sì ń pariwo lé mi lórí. Màámi ni.

"Ṣé o ti wá ń gbọ́ràn báyìí?"

"Mo gbọ́, mà. Ẹ má pariwo mọ́."

"N kò pariwo. Bí mo ṣe máa ń sọ̀rọ̀ nìyí." Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú wọn. "Jẹ́ ká máa lọ sí ulé," ni wọ́n fi ohùn Ìjẹ̀ṣà wí.

Lójú ọ̀nà, mo bi wọ́n pé kí ló dé tí wọn kò sọ fún mi tààrà. Wọ́n ní àwọn sọ ọ́ ní gbogbo Sátidé. Mo ní oyin ńkọ́? Wọ́n ní oyin dùn, ṣé èèyàn máa ń dá ọmọ rẹ̀ dúró bó bá ń ra oyin wálé ni?

Ọjọ́ kejì ni ìpàdé akọrin. Ayọ̀ ni mo bá débẹ̀. Mo dúró sí ipò mi lẹ́yìn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó, a sì bẹ̀rẹ̀ orin ìkórè. Kò pẹ́ tí mo fi gbọ́ ohùn kan tí kò bá ẹnikẹ́ni rìn. Bí àwọn yòókù ṣe ń gòkè, ó ń ti ìsàlẹ̀ tẹ̀ lé wọn bí ẹni tí ẹsẹ̀ ń dùn. Mo bojú wo ọ̀tún kí n lè fi ojú bá ẹni náà wí. Ẹni tó wà níbẹ̀ ń kọrin tirẹ̀ dáadáa. Mo bojú wo òsì. Òpó ló wà níbẹ̀. Mo dákẹ́. Ohùn náà dákẹ́.

Nígbà tí a parí, mo lọ bá ọ̀gá akọrin níbi tí wọ́n ti ń kó ìwé orin jọ.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé mo máa ń ṣi orin kọ ni?"

Wọ́n yọ awò ojú wọn. "Ṣé o gbọ́ ọ?"

"Òní ni mo gbọ́ ọ, sà."

"A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run," ni wọ́n wí, tọkàntọkàn. Wọ́n ní nítorí rẹ̀ ni àwọn ṣe gbé mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó láti ọdún tó kọjá, bóyá tí ohùn mi bá lu ú, tó padà sí mi létí, màá tún un ṣe. Wọ́n fi sùúrù sọ fún mi pé fún ìkórè yìí, àwọn máa fẹ́ kí èmi tí mo mọ̀ nípa ohùn wá jókòó ti ẹ̀rọ, kí n gba orin náà sínú kásẹ́ẹ̀tì. Mo mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Síbẹ̀, inú mi dùn díẹ̀.

Mo padà sí Òkè-Fìà. Mo dọ̀bálẹ̀ fún bàbá láàárín ṣọ́ọ̀bù, wọ́n sì ṣe bíi pé wọn kò rí mi. Wọ́n gba olójú wúrà lọ́wọ́ mi, wọ́n fún mi ní dúdú inú ọ̀rá pẹ̀lú bátìrì mẹ́rin lé e. Mo fi etí méjèèjì gbọ́ ọ. Apá orin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dúró níwájú mi lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, títí kan mímí àwọn akọrin. Mo tọrọ olójú wúrà kí n lè fi wé e. Báàsì rẹ̀ pọ̀ lóòótọ́. Ó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tó fi jẹ́ pé òun nìkan ló wà níbẹ̀, bí ẹni ń ti àpótí kiri lórí pákó.

"Etí mi ni kò ṣí nígbà náà," ni mo wí. "Ǹ bá ti ra dúdú yìí láti ọjọ́ àkọ́kọ́."

"Ìwọ náà wá gbọ́," ni bàbá wí, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í jó wáyà wọn lọ.

Lọ́jọ́ ìkórè, mo gbé ẹ̀rọ kalẹ̀ síwájú, mo gbé maikí sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, mo ti dúdú bọ etí méjèèjì. Orin náà dùn. N kò gbọ́ irú rẹ̀ rí láyé mi. Mo di ojú títí wọ́n fi parí, mo sì fún ọ̀gá akọrin ní kásẹ́ẹ̀tì náà tìgbéraga-tìgbéraga.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, gbogbo ẹgbẹ́ pé jọ sí pálọ̀ ọ̀gá akọrin láti gbọ́ ọ. Dùùrù kọ́kọ́ dún, ó sì dára. Ìlà àkọ́kọ́ orin wọlé. Lẹ́yìn náà ni ohùn ọkùnrin kan jáde, ó súnmọ́ tòsí ju gbogbo ènìyàn lọ, ó bo ohùn òkè àwọn sòpúránò mọ́lẹ̀, ó sì ń ti ìsàlẹ̀ tẹ̀ lé orin láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Orin tó kún etí mi kò jẹ́ kí n mọ̀ pé mò ń bá wọn kọ ọ́, maikí sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu mi níbẹ̀.

Ìyá àgbà kan nínú àwọn sòpúránò ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín, ilé sì dàrú. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n pa á rẹ́. Wọ́n kọ̀. Ènìyàn mọ́kànlá ló ní kí n bá àwọn ṣe ẹ̀dà rẹ̀, mo sì ṣe é fún wọn. Ní ìkórè ọdún tó tẹ̀ lé e, ẹlòmíràn ni wọ́n fi sídìí ẹ̀rọ. Èmi ń pín ìwé orin lẹ́nu ọ̀nà, mo sì ń kí àwọn àlejò káàbọ̀.